Bí Àwọn Ẹranko Ṣe Ń Bu Ọlá fún Ọ̀gá Pátápátá

Ẹni tó bá ti bá ènìyàn ńlá gbé inú ilé kan náà rí á mọ̀ pé iṣẹ́ tó le ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni ńlá náà ni mò ń sọ o. Iṣẹ́ àwọn tó kù nínú ilé ni.

Obìnrin jẹ́jẹ́ kan wà, ìyá ọmọbìnrin méjì, tó máa ń gbàdúrà kó tó fọ abọ́ àárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ni alábòójútó ọgbà ẹranko kékeré kan láàárín ìlú. Ọgbà náà kéré dé ibi pé ẹni tó bá rọra rìn yí i ká, omi tútù tó rà lẹ́nu géètì ò ní tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó fi máa padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Abo kìnnìún kan tó ti darúgbó wà níbẹ̀, àti ògòǹgò méjì tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà kan wà, àti ràkúnmí kan tí irun rẹ̀ ń já bíi ti bẹ́ẹ̀dì àtijọ́. Àwọn ọ̀bọ ò ṣe é kà, torí wọn kì í dúró. Ọ̀nì kan sì wà tí àwọn ará ìlú máa ń jiyàn lé lórí, bóyá ó ṣì wà láàyè tàbí ó ti kú tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí alábòójútó náà ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé gbogbo ohun tó ń mí láyé ló ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Pátápátá ni wọ́n ń pè é lójú. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀rọ̀-Ò-Tán ni. Ìyàwó rẹ̀ mọ orúkọ méjèèjì. Ó ti tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run nítorí èkejì, torí òun náà ti fi pe ọkọ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbàdúrà lórí oúnjẹ alẹ́ títí ọ̀rá orí ọbẹ̀ fi dì.

Láràárọ̀, bí mọ́tò Ọ̀gá bá ti yọ, obìnrin tó ń ja tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì á ṣí ìlẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kùn kan tó mọ́tò kékeré náà wọlé. Bàbá tó ń fún àwọn ẹranko lóúnjẹ á na agboòrùn lé e lórí, oòrùn ì báà ràn, kó má ràn. Akọ̀wé á gba báàgì. Akọ̀wé yìí, bí ẹ bá ní kó kọ nǹkan, ẹ ó dúró pẹ́. Àtẹ́wọ́ ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù.

"Ọ̀gá," á wí, "òórùn kìnnìún yàtọ̀ lónìí, sà. Ó jọ pé ó ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀."

"Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyẹn ní ọgbọ́n," Ọ̀gá á fèsì, á sì dúró díẹ̀ kí kìnnìún lè gbọ́ pé wọ́n ń yìn ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi ti pàtẹ́wọ́ fún ohun tó burú ju èyí lọ, ẹ̀yin náà sì ti pa á.

Bí wàhálà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá Ọ̀gá ní òun ń bọ̀ wá kí wọn, òun sì fẹ́ rí ibi tí ọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ti sọ fún un lórí fóònù pé àwọn ẹranko mọ òun, pé bí òun bá ti ń kọjá, wọ́n á dìde. Irọ́ ni. Kìnnìún kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ìdí ló máa ń kọ sí èrò, á wá sùn. Ìyàwó ilé mọ èyí, ó sì mọ ẹnu ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnu náà kì í gbàgbé nǹkan. Bí ìyá bá rí ìdí kìnnìún, a ó máa gbọ́ nípa ìdí kìnnìún títí ọmọ ọmọ á fi lọ sílé ọkọ.

Ló bá yọ́ lọ bá bàbá tó ń fún wọn lóúnjẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí ni wọ́n máa ń dìde fún?"

"Oúnjẹ, mà."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé oúnjẹ ti dé?"

Bàbá na ọwọ́ sí agogo irin kan tó wà lára ògiri ilé oúnjẹ. "Tí mo bá ti lu èyí, gbogbo wọn á sáré wá síwájú."

Ìyàwó ilé bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó dá oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ náà dúró díẹ̀, kó sì lu agogo bí ọkọ òun bá ti ń wọlé. Nítorí àlàáfíà ilé ni. Ó gbàdúrà sí i, ó sì rò pé Ọlọ́run ò dá a lẹ́bi, torí pé kò gbọ́ kí Ọlọ́run sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Agogo dún. Kìnnìún dìde, ó wá síbi irin, ó gbé orí sókè. Ògòǹgò méjèèjì na ọrùn bíi ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ràkúnmí bọ́ síta, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà sáré wá, àwọn ọ̀bọ so rọ̀ mọ́ irin láti òkè dé ilẹ̀. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ Ọ̀gá Pátápátá, tó dúró gẹ́lẹ́ síwájú garawa oúnjẹ.

Ìyá rẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ó dáa o. Àwọn ẹran wọ̀nyí mà lẹ́kọ̀ọ́ ju ẹ̀yin tí mo bí lọ."

Omi lé sójú Ọ̀gá. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ò gùn. Ọjọ́ náà nìkan ni kò gùn.

Lálẹ́, nídìí oúnjẹ, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá wọn, ṣé o rí wọn?"

"Mo rí wọn, Bàbá wọn."

"Kí lo rò pé ó fà á?"

Obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò fẹ́ purọ́. "Agogo ni. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá."

Ọ̀gá mi orí títí. "Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ta ló ń fún wọn lóúnjẹ? Ìjọba. Ta sì ni ìjọba nínú ọgbà yẹn?"

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun ti sọ òtítọ́, àti pé òtítọ́ náà ò ba nǹkan kan jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ọ́fíìsì Ọ̀gá. Yàrá kékeré kan ni ọ́fíìsì ọ̀hún, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ràkúnmí, àwòrán Ọ̀gá sì wà lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n ń wo ara wọn. Àṣẹ kìíní ni pé kí agogo máa dún nígbà tí òun bá dé. Ó tún pàṣẹ pé kó máa dún nígbàkígbà tí òun bá jáde lọ́fíìsì, títí kan ìgbà tí òun bá fẹ́ lọ ṣe ìtura. Ó ní kí àwọn ọmọ tó wá wòran má nawọ́ sí ẹranko mọ́, nítorí pé àfojúdi ni láti máa nawọ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀nì tí kò mira nígbà tí agogo dún, ó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí yóò fi ronú pìwà dà. Wọ́n fi tapólì bo iwájú ilé onírin rẹ̀. Ọ̀nì ò mira sí ìyẹn náà.

Èyí tó wá fa gbogbo ẹ̀ ni pé ó ní kò bójú mu kí oúnjẹ ṣáájú ọ̀rọ̀. Kí wọ́n lu agogo, kí àwọn ẹranko dúró, kí òun bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó jẹun.

"Ẹ̀yin ọmọ igbó," á bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin onírù àti ẹ̀yin aláìnírù, ẹ̀yin tí Ẹlẹ́dàá dá kí Ó tó dá àwọn bíi tèmi, kí iṣẹ́ lè wà fún wa láti ṣe nígbà tí a bá dé! Ìjọba kí yín. Ìjọba ń wò yín. Ìjọba ò sùn!" Akọ̀wé á pàtẹ́wọ́. "Nígbà tí mo dé ọgbà yìí, kí ni mo bá? Koríko. Kí ni mo sọ ọ́ dà?" Akọ̀wé á tún pàtẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wòye pé koríko náà ṣì ni.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ Ọ̀gá lára, ó máa ń pa ojú méjèèjì dé. Á máa sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ á máa fẹ́ sókè sódò, oòrùn á sì máa gun òkè. Nígbà tí yóò fi tán, iwájú ilé onírin ti gbóná bí ààrò. Bàbá olóúnjẹ ò lè gbé ẹran sínú oòrùn yẹn kó má bàjẹ́, ló bá ń gbé e gba ẹ̀yìn, níbi ọ̀nà tóóró kan tí òjìji wà, tí ẹ̀rọ omi wà, tí ilé tí àwọn ẹranko ń sùn sí ní ìlẹ̀kùn kékeré. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ dúró de òpin ọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá lu agogo tán, á gbé garawa, á gba ẹ̀yìn lọ.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn ẹranko náà rí i. Ọ̀gá nìkan ni kò rí i.

Ní gbogbo Sátidé ló ń kó ìdílé rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ á wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ìyá wọn á wé gèlè, ìyá Ọ̀gá, tó kúkú ti di ará ilé, á mú báàgì rẹ̀ dání, wọ́n á sì jókòó sórí àga níwájú ilé kìnnìún láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ Sátidé ni wọ́n lọ sí ọgbà ẹranko tí wọn ò rí ẹranko kan dáadáa.

"Mọ́mì," àbúrò nínú àwọn ọmọ méjèèjì bi ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, "ṣé a lè lọ sí ọgbà ẹranko tí Dádì ò sí níbẹ̀?"

"Pa ẹnu dé."

"Mo ṣáà bi yín ni."

Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ ṣàwárí ẹ̀yìn. Sátidé kan, bí agogo ti dún tí bàbá wọn pa ojú dé, wọ́n yọ́ kúrò lórí àga. Ìyá wọn dìde láti lọ mú wọn padà. Ó bá wọn nínú òjìji, níbi ìlẹ̀kùn kékeré, tí kìnnìún ń jẹun lẹ́yìn irin níwájú wọn, tí wọ́n ń gbọ́ bí eegun ṣe ń fọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí ọ̀bọ kékeré kan sì ń na ọwọ́ gba àárín irin bọ omi ẹ̀rọ. Ó fẹ́ bá wọn wí. Ó wá rí i pé òun ti bọ́ bàtà, òun sì ti jókòó sórí bíríkì kan. Kí ọ̀rọ̀ iwájú tó tán, wọ́n padà sórí àga, wọ́n sì bá Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni obìnrin yìí ń lọ mú àwọn ọmọ padà láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn Sátidé mélòó kan, ó ti ń ṣáájú wọn débẹ̀, ó sì ń dúró kí wọ́n wá kó lè mú wọn padà. Ìyá Ọ̀gá náà ní ẹsẹ̀ ń ro òun, pé ibi tó tutù ló dáa fún ẹsẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ìròyìn dé pé ipò ọ̀gá gbogbo ọgbà ìlú ṣófo. Ipò náà ní ilé: ilé òkè, tó ní bákónì, tó ní yàrá fún ìyá àgbà. Olórí Ìlú fúnra rẹ̀ máa wá sí ọgbà ẹranko ní Sátidé tó ń bọ̀, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀, kó wo irú ènìyàn tí Ọ̀gá jẹ́. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ìyàwó ilé. Ó fẹ́ ilé náà. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, ìyá ọkọ ń han-an-run nínú ọ̀kan, ọkọ ń han-an-run nínú èkejì. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún àwọn nílé náà kí àwọn lè máa gba àwọn ènìyàn Rẹ̀ lálejò. Ó sì ti fi ojú inú wọn fèrèsé bákónì, ó ti mú àwọ̀ kọ́tìnì, ó ti pinnu èwo nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni òun máa kọ́kọ́ pè wá jókòó síbẹ̀ kí inú lè bí i díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tọrọ ìdáríjì fún àdúrà náà.

Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé àwọn ẹranko ò dúró mọ́.

"Bàbá wọn," ó wí lálẹ́ ọjọ́ kan, "bí agogo bá ti dún, ẹ̀yìn ni àwọn ẹranko yẹn ń lọ báyìí. Ẹ jẹ́ ká má lù ú lọ́jọ́ Sátidé."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. "Akọ̀wé ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Wọ́n ń lọ túnra ṣe ni, kí wọ́n tó wá síwájú mi. Ìbẹ̀rù ọ̀wọ̀ ni."

"Wọn kì í padà wá."

"Ṣé ìwọ náà kì í pẹ́ tí o bá ń túnra ṣe?"

Ó lọ bá bàbá olóúnjẹ. Bàbá ní, "Mà, Ọ̀gá ní kí n fọ agogo yẹn kó máa dán. Rìbọ́ǹnù ti wà lọ́rùn rẹ̀." Kò wá sí ibòmíràn tó lè lọ mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ Ọlọ́run pé kó di àwọn ẹranko náà lẹ́sẹ̀ mú.

Sátidé dé. Wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa láti ẹnu géètì dé ilé kìnnìún. Wọ́n ti dá ọ̀nì padà sẹ́nu iṣẹ́. Olórí Ìlú sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀: obìnrin kúkurú kan, bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, ó mú ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun ò ní pẹ́.

Ẹ gbọ́ o, àdúrà ti gbà. Ooru ò tíì mú, gbogbo àwọn ẹranko wà níwájú fúnra wọn. Ràkúnmí ń jẹ koríko níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ògòǹgò méjèèjì dúró sójú kan náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kìnnìún pàápàá kọjú sí èrò, ó sì ń wo ọmọ kékeré náà.

"Màmá àgbà," ọmọ náà sọ jẹ́jẹ́, "ó ń wò mí."

Ojú Olórí Ìlú rọ̀ bí òwú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. "Àbí o ò rí i. Ìwọ gan-an ló ń wò."

Ìyàwó Ọ̀gá rí ojú yẹn. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ilé ti di tàwọn. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ọkọ òun má sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá Pátápátá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ lu agogo."

Agogo dún. Kìnnìún yí padà, ó gba ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà tẹ̀lé e nínú ilé tirẹ̀. Àwọn ọ̀bọ já bọ́ láti ara irin bí èso tí afẹ́fẹ́ gbọ̀n, wọ́n sì wọlé. Ràkúnmí gbé koríko tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ògòǹgò kan ṣáájú, èkejì kò fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó wá lọ.

Ọ̀gá ti pa ojú dé.

"Olórí Ìlú wa ọ̀wọ́n! Ẹ wò wọ́n! Ẹ wo bí wọ́n ṣe dúró gbọn-in! Ta ló kọ́ wọn? Ẹ wo kìnnìún, ọba inú igbó, bó ṣe tẹjú mọ́ mi bí ọmọ tó ń wo bàbá rẹ̀!" Ìrù kìnnìún ni ohun tó kù tí à ń rí, ó sì wọlé tán bó ṣe sọ ọ́. Akọ̀wé pàtẹ́wọ́.

Bàbá olóúnjẹ ti gbé garawa. Àwọn ọmọ dìde. Ìyá Ọ̀gá mú báàgì rẹ̀, ó fi ọwọ́ ti orúnkún, òun náà dìde. Ọmọ ọmọ Olórí Ìlú fa ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ Ọ̀gá láṣọ.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ẹ̀yìn. Ibẹ̀ la ti máa ń rí wọn."

Ọmọ náà tẹ̀lé wọn. Olórí Ìlú tẹ̀lé ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn tó bá Olórí Ìlú wá tẹ̀lé Olórí Ìlú.

Ìyàwó Ọ̀gá ńkọ́, ẹni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú ewu? Ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, jókòó, obìnrin yìí, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo jókòó. Lójijì ló rí i pé òjìji tutù lára òun. Bàtà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí bíríkì ló wà. Àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti òun, ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, kò lè sọ.

Kìnnìún ń jẹun. Ọmọ ọmọ Olórí Ìlú di ẹnu mú, ó ń wo eyín rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti iwájú, ohùn Ọ̀gá ń wá lórí ògiri: "Nígbà tí mo dé, kí ni mo bá?"

Olórí Ìlú wo obìnrin tó jókòó sórí bíríkì. "Ṣé ìwọ kọ́ ni ìyàwó rẹ̀?"

Ó dìde, bàtà lọ́wọ́. "Èmi ni, mà."

"Kí ló dé tó o fi kúrò níbẹ̀?"

Bí ẹ bá wà nípò rẹ̀, kí lẹ máa sọ? Ó lè sọ pé ó ń lọ mú àwọn ọmọ. Ó ti sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ Sátidé. Ó rí bákónì náà níwájú rẹ̀ kedere, kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó ya ẹnu.

"Agogo ló dún, mà."

Olórí Ìlú kọ́kọ́ wò ó. Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó gbà á ní èjìká, ó fi ọwọ́ ti ògiri kó má baà ṣubú. Ìyá Ọ̀gá bá a rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ni," ó wí, "kẹ́ ẹ má rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni."

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Gbogbo ọ̀sẹ̀, mà," ìyàwó Ọ̀gá dáhùn. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ilé òkè náà lélẹ̀, tòun ti yàrá ìyá àgbà.

Níwájú, Ọ̀gá Pátápátá la ojú. Kápẹ́ẹ̀tì pupa ló rí, àti àga. Akọ̀wé ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn. Nínú gbogbo ẹranko ọgbà, ọ̀nì nìkan ló dúró tì í. Nígbà tó tọ ohùn ẹ̀rín wá tó yọ sí wọn ní igun ògiri, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lórí gbólóhùn tó ń sọ. Ó rí ìyá rẹ̀. Ó rí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó di bàtà mú. Gbólóhùn náà ò parí títí dòní.

Kì í ṣe pé wọ́n lé e. Wọ́n fún ẹlòmíràn ní ipò, wọ́n sì ní àwọn bẹ́ǹṣì ìlú nílò ọ̀gá tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó bẹ́ǹṣì tó kán jọ sí. Bẹ́ǹṣì ní sùúrù; bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, kì í dìde. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Akọ̀wé ti ń gba báàgì ọ̀gá tuntun nínú ọgbà ẹranko, ó sì ti ń sọ fún un pé òórùn kìnnìún ti dáa sí i láti ìgbà tó dé.

Nílé, Ọ̀gá dákẹ́. Ó gbàdúrà lórí oúnjẹ ní gbólóhùn kan, ọbẹ̀ sì ń yọ èéfín. Ìyàwó rẹ̀ ti bẹ Ọlọ́run fún ọbẹ̀ gbígbóná láti ọdún tó ti pẹ́. Nígbà tó wá rí i gbà, kò lè jẹ ẹ́. Bó bá gbé oúnjẹ fún ọkọ, ọkọ á ní "o ṣé," kò ní fi nǹkan kan tì í. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba obìnrin náà pé ọkùnrin yìí ò ní dárí ji òun, pé báyìí làwọn á ṣe máa gbé. Ilé tó pàdánù ò dùn ún tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dùn ún ṣá.

Sátidé kan, àbúrò ní òun fẹ́ lọ wo kìnnìún. Ìyá Ọ̀gá ní oorun ń kun òun, ó wọ yàrá. Ìyàwó ilé ń wá ọ̀nà tí yóò fi pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," bàbá wọn wí.

Wọ́n tò sórí ìlà, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin ẹnu géètì ja á fún wọn, ó ṣí ìlẹ̀kùn kan. Àwọn ọmọ sáré lọ wo ọ̀bọ. Ọkọ àti ìyàwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé kìnnìún. Ọkọ kọ́kọ́ mi bẹ́ǹṣì náà wò kó tó jókòó, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni báyìí. Kìnnìún sùn, ó kọ ìdí sí wọn.

"Ìyá wọn."

"Mò ń gbọ́, Bàbá wọn."

"Lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ náà dìde."

"Mo dìde."

"Kí lo rò?"

"Mi ò ro nǹkan kan. Ìgbà tí mo máa mọ̀, mo ti dé ẹ̀yìn."

Ọkọ wo ìdí kìnnìún. "Ọ̀rọ̀ yẹn gùn, àbí?"

"Ó gùn díẹ̀."

"Má purọ́ nínú ọgbà ìjọba."

"Ó gùn gan-an ni."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó fi àtàǹpàkò nu eruku lára apá bẹ́ǹṣì, ó sì nu ibòmíràn. "Ká ní kì í ṣe èmi ni mò ń sọ ọ́," ó wí, "èmi náà ì bá ti bá yín lọ."

Obìnrin náà gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Ó fi gèlè di ẹnu. Ọkọ rẹ̀ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín náà sì bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ tí ògòǹgò kan fi na ọrùn wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin ẹnu géètì fi ìdúró rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá wọn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Àwọn ẹranko ń sùn."

"Ẹ má bínú, mà," Ọ̀gá wí.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ojú sókè, ó dúró de ìyókù, torí ó mọ ọkọ rẹ̀. Obìnrin ẹnu géètì náà dúró dè é. Ọ̀gá kò fi nǹkan kan kún un.